Etí Títì ni Ikú Ń Ba Sí: Ohun Tí Iṣẹ́ Fífẹ Títì Ìgbèríko Fi Yé Mi

Bí ọ̀rọ̀ títì tó há bá délẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ: kí ìjọba fẹ̀ ẹ́. Kábíyèsí á sọ ọ́, awakọ̀ á sọ ọ́, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ pa èèyàn rẹ̀ á fi omijé sọ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ti fi yé mi pé títì tí a fẹ̀ láìfarabalẹ̀ lè pa èèyàn ju èyí tó há lọ, nítorí ọkọ̀ á máa sáré sí i lórí rẹ̀, ohun tó sì ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Mo ń kọ èyí fún ìlú tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa gbà kọjá, fún ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí sáìtì, àti fún baálẹ̀ tí wọ́n á pè sí ìpàdé pé kó wá fọwọ́ síwèé.

Irú títì tí mo ní lọ́kàn ni àwọn olójú méjì tó gba àárín oko kòkó àti oko ọ̀pẹ kọjá ní Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀dà orí wọn kò fẹ̀ ju mítà 6 lọ, tí etí wọn sì ti di koríko. Tírélà kan fẹ̀ tó mítà 2.5, a ò tíì ka díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí méjì bá pàdé lórí mítà 6, ohun tó kù kí àwọn méjèèjì pín kò tó mítà kan. Ìwọ̀n tí a ń lépa lórí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni mítà 7.3, ìyẹn mítà 3.65 fún ojú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú etí títì mítà 2.75 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ fi ọkàn sí etí títì yẹn, torí òun ni àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ máa ń gé kù bí owó bá ń tán lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dun àwọn èèyàn wa. Ikú tó ń pa àwọn arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Wọlé Ṣóyínká gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lè dá ẹni tó ń sá eré àsápajúdé dúró. Ti etí títì tó ti jìn kò sí lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ àwa tí à ń ṣe títì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ já òmíràn sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí fẹ́ kọjá tírélà tó ń lọ ní 60. Ohun tó fi yá ju tírélà lọ kò ju mítà 5.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ní láti ré gígùn tírélà náà kọjá, kó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn àti níwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tó mítà 60. Ìṣẹ́jú-àáyá 11 nìyẹn. Láàárín àkókò yẹn, bọ́ọ̀sì á ti sá nǹkan bí mítà 245 lójú ọ̀nà ẹlòmíràn, ẹni tó ń bọ̀ lọ́kánkán náà á sì ti sá mítà 245 tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kìlómítà tó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara lójú awakọ̀ kó tó kó sí i. Bí a bá fẹ títì láti mítà 6 sí 7.3, mítà kan ṣoṣo kò dín kù nínú iye yẹn. Ohun tí fífẹ̀ ń ṣe ni pé, bí ìṣírò awakọ̀ bá kùnà, ẹni tó ń bọ̀ á rí ibi yà sí. Etí títì tó le, tó tẹ́jú, ni ibi tó máa yà sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí owó kò bá tó fún gbogbo ọ̀nà, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe etí títì dáadáa, kí wọ́n sì fi ojú kẹta kún ibi tí òkè gígùn wà, níbi tí tírélà ti ń fà díẹ̀díẹ̀ tí sùúrù àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tán. Ìyẹn ń gba ẹ̀mí là ju kí wọ́n na owó náà tín-ín-rín láti ìlú kan dé èkejì.

Ẹ wá wo etí títì fúnra rẹ̀. Ọ̀dà parí, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti wọlẹ̀, nígbà míì tó mìlímítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òjò ń ṣàn án, ọkọ̀ èrò sì ń fi táyà wà á níbi tí wọ́n ti ń dúró. Táyà ọ̀tún ọkọ̀ kan bọ́ sí i. Ẹ̀rù kò tíì ba awakọ̀. Ó rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì kó lè padà sórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ń ha mọ́ ògiri ọ̀dà náà ni, kò gùn ún. Ó yí i sí i, kò gùn ún. Ó tún yí i sí i, ó sì tẹná mọ́ ọn. Nígbà tí táyà bá máa gun orí ọ̀dà lójijì, ó ti kọjú sí òsì jù, ọkọ̀ á ta kọjá sí ojú ọ̀nà kejì, níbi tí ẹni tí kò mọ̀dí ti ń bọ̀. Àwọn tó bá sáré dé ibẹ̀ á ní bíréèkì ló já, tàbí pé awakọ̀ ti sùn lọ. Wọn kì í wo ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti fi mìlímítà 50 lọ sílẹ̀ ju ọ̀dà lọ, mo kà á sí ewu tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà kan sì wà tí a fi lè mú kí ó má burú tó bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ wọlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irin kékeré kan ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà, tó ń mú kí etí ọ̀dà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 30, dípò kó dúró ṣánṣán. Táyà á rọra gùn ún padà. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè rọ irú irin bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Kí katakata tó wọlé, ẹ fẹsẹ̀ rin títì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó jẹ́ ìgbà òjò, kí ẹ lè rí ibi tí omi ń gbà, kí ẹ sì tún lọ lóru lẹ́ẹ̀kan. Ìwé àwọn ọlọ́pàá àti ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wúlò, àmọ́ jàǹbá tí kò pa ẹnikẹ́ni kì í sábà dénú ìwé. Fọ́kánáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà mọ̀ ọ́n, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nítòsí kọ́nà mọ̀ ọ́n, ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n. Igi náà ń sọ̀rọ̀: ẹ wo ara igi tó wà lẹ́yìn kọ́nà, bí èèpo rẹ̀ bá ti bó ní ibi tí gíga rẹ̀ bá ti bọ́ńpà ọkọ̀ dọ́gba, àwọn ọkọ̀ ti ń bọ́ kúrò lọ́nà níbẹ̀ nìyẹn. Àfọ́kù gíláàsì nínú koríko, àpá táyà dúdú lórí ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ bá àwọn tó ń ya àwòrán.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ le díẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbòò, ó sì ní kí wọ́n san owó ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà, ilé àti irúgbìn. Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ ni orúkọ tó wọ ìwé. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ló gbin kòkó, onílẹ̀ ló ń gbé nílùú, òun sì ni àwọn tó wá kà á kọ́kọ́ máa ń rí. Kí ẹni tó gbin igi wà lórí oko lọ́jọ́ tí wọ́n ń kà á, kó rí i pé wọ́n kọ iye igi, ọjọ́ orí wọn àti orúkọ òun, kó ya fọ́tò, kó sì gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Bí ibojì tàbí ojúbọ bá wà lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí àti àwòrò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, oṣù púpọ̀ ṣáájú. Ètùtù tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe kì í náni tó ọjọ́ kan tí katakata fi dúró gbalasa nítorí ìjà.

Èyí tó kàn ni ibi tí àṣìṣe tó gbówó lórí jù ti máa ń wáyé. Bí a bá fẹ́ fi mítà 2 kún títì, ó máa ń dà bíi pé ó dọ́gba kí a fi mítà kan kún ọ̀tún, mítà kan kún òsì. Lórí ìwé, ó dára. Lórí ilẹ̀, rólà ńlá fẹ̀ tó mítà 2, kò lè wọ kòtò mítà kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá máa fi táyà tipa tẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n fi irin gún un lásán. Láàárín ọdún kan tàbí méjì, ibi tí wọ́n fi kún un á wọlẹ̀, á sì là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àtijọ́. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí apá kan ṣoṣo bí ilẹ̀ bá gbà, kí kòtò náà fẹ̀ tó mítà 2.5, kí rólà lè rìn nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá rólà kékeré, kí ẹ sì dín nínípọn ìpele kọ̀ọ̀kan kù sí mìlímítà 100.

Àmọ́ fífẹ̀ sí apá kan ní gbèsè tirẹ̀. Títì kò tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ ló ga jù, ó sì ń dà sí ọ̀tún àti òsì ní mìlímítà 25 lórí mítà kọ̀ọ̀kan kí omi lè ṣàn lọ. Bí ẹ bá fi mítà 3 kún apá kan, àárín títì ti sún mítà 1.5. Ibi tí àárín tuntun bọ́ sí fi mìlímítà 37.5 rẹlẹ̀ ju àárín àtijọ́ lọ. Kí omi má bàa dúró lójú ọ̀nà, àárín tuntun gbọ́dọ̀ ga ju àárín àtijọ́ lọ ní mìlímítà 37.5, ìyẹn ni pé mìlímítà 75 ni ẹ máa fi dí i níbẹ̀, apá tuntun náà á sì ga ní mìlímítà 75 ju bí ẹ bá kàn fa ìlà títì àtijọ́ gùn lọ. Ẹ sọ ọ́ fún awọnlẹ̀ kí ó tó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ka mìlímítà 75 yẹn mọ́ owó iṣẹ́ á fi àárín sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, á sì fa ìlà funfun síbòmíràn. Awakọ̀ tó bá ń sáré nínú òjò á wá máa gun òkìtì kan kọjá láàárín ojú ọ̀nà tirẹ̀, omi á sì ti tò sí ojú kan.

Bí a ṣe ń so tuntun mọ́ àtijọ́ nìyí. Ẹ gé etí ọ̀dà àtijọ́ tó ti jẹ kúrò, nǹkan bí mìlímítà 300, títí ẹ ó fi dé ibi tó ṣì le, kí ẹ fi ayùn ọ̀dà gé e kó gún régé. Ẹ há erùpẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò, mìlímítà 150 sí 200, torí koríko tí a bá rì mọ́ abẹ́ títì á jẹrà, á sì fi ihò sílẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ títì bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gé e ní àtẹ̀gùn, kí gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 300, kí erùpẹ̀ tuntun lè di ti àtijọ́ mú. Ẹ má dà á lé gẹ̀rẹ́ lásán, á yọ̀ sísàlẹ̀ nígbà òjò.

Látéráìtì wa pọ̀, àmọ́ gbogbo ilẹ̀ pupa kọ́ ni látéráìtì tó dára. Nínú ìlànà iṣẹ́ títì ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1997, ìdánwò CBR, èyí tó ń fi hàn bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù, kò gbọ́dọ̀ dín ní 30 nínú 100 fún ìpele tó wà nísàlẹ̀, tàbí 80 fún èyí tó wà lábẹ́ ọ̀dà gan-an. Kí ẹ tó ra kòtò erùpẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ gbẹ́ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀, torí erùpẹ̀ apá kan lè yàtọ̀ sí ti apá kejì. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ, ìpele kan kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 150 lọ lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ìwà tí mo máa ń rí ni pé tipa á dà á jọ, gíréédà á fà á tó mìlímítà 300, rólà á gun orí rẹ̀, òkè á le koko, ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹsẹ̀ gbá a á ní ó dára, ìsàlẹ̀ á sì wà ní rírọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sí i, ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó gbà kí wọ́n da òmíràn lé e. Nígbà ọyẹ́, omi inú erùpẹ̀ á ti gbẹ kó tó di ọ̀sán, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bu omi wọ́n ọn kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fún un ní ọwọ́, ó yẹ kó dì mọ́ra láìjẹ́ kí omi yọ láàárín ìka yín.

Omi ni ọ̀tá tó kù. Abẹ́ ọ̀pọ̀ títì àtijọ́ ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, omi tó bá jò wọ inú rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde lọ sínú koríko. Bí ẹ bá gbé látéráìtì tó dì pa síbi tí omi yẹn ń gbà jáde, ẹ ti sé e mọ́ abẹ́ títì bí omi inú agbada. Ọkọ̀ á máa gun orí rẹ̀, ilẹ̀ á máa rọ̀, kòtò á yọ lórí títì àtijọ́ tí kò ní wàhálà kankan tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa bú ẹni tó ṣe é níjọ́sí. Ìsàlẹ̀ apá tuntun gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ti àtijọ́ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ jù ú lọ, kó sì dà sí gọ́tà. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà lábẹ́ ti àtijọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni kó wà lábẹ́ tuntun.

Ní ti ọ̀dà, ẹ gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ fọ́n ọ̀dà olómi sí i, kí ẹ jẹ́ kó mu ún fún ó kéré tán ọjọ́ kan, láìsí òjò. Ẹ kun ojú ibi tí ẹ gé pẹ̀lú. Ọ̀dà gbígbóná tó bá dé sáìtì ní nǹkan bí dígírì 140 ṣeé tẹ́ dáadáa. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 90 kí rólà tó ṣe tán, ẹ̀ ń lu òkúta ni. Sáìtì tó jìn sí ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà gbọ́dọ̀ fi tapólì bo tipa. Ojú ìsopọ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí táyà ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sábẹ́ ìlà àárín tàbí ìlà etí, kí ti ìpele òkè sì fi mìlímítà 150 yẹ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀.

Àwọn ojú ihò omi abẹ́ títì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní kọ́fátì, ni wọ́n sábà máa ń fi ìkánjú ṣe. Páìpù mìlímítà 900 kan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti wọlẹ̀ dé ibi tó máa wọ̀ dé. Ẹ wá so tuntun mọ́ ọn lórí ilẹ̀ tí kò tíì wọlẹ̀. Tuntun á sọ̀ kalẹ̀, ojú ìsopọ̀ á la, omi á máa fa erùpẹ̀ wọ inú páìpù, títí ihò kan á fi ṣí lójijì lábẹ́ táyà ẹnì kan. Ẹ fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi kọnkéré dì mọ́ ojú ìsopọ̀ yípo, kí ẹ máa kó erùpẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìpele mìlímítà 150, kí apá kan má bàa ti páìpù sí èkejì. Katakata kò gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá títí erùpẹ̀ tó bò ó á fi tó mìlímítà 600. Ògiri tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà, ẹ sún un jìnnà sí etí títì, ẹ má fi ṣe òkúta ìkọlù.

Afárá tó há lórí títì tó fẹ̀ burú ju afárá tó há lórí títì tó há lọ. Lórí títì tó há, awakọ̀ ti ń ṣọ́ra láti ilé. Lórí èyí tó fẹ̀, ó ń sáré, etí títì mítà 2.75 sì parẹ́ lójijì, ògiri afárá ló kù. Ẹ fẹ afárá náà pẹ̀lú. Bí owó kò bá sí, ẹ jẹ́ kí títì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀ kó tó débẹ̀: bí eré ọkọ̀ bá jẹ́ 80, mítà 2 tí ẹ bá gé kù nílò nǹkan bí mítà 100. Ẹ fi òpó kéékèèké tó ń tan bí iná ọkọ̀ bá kàn án tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi irin ìdábùú bo orí ògiri. Ìbẹ̀rẹ̀ irin náà gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́nà kó sì rì sínú ilẹ̀. Èyí tó bá dojú kọ ọkọ̀ gangan á wọ inú rẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni títì náà léwu jù. Apá kan ṣoṣo ni kí ẹ gbẹ́, kó má ju ohun tí ẹ lè dí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ká yín mọ́, ẹ fi erùpẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà ní gẹ̀rẹ́, kí mítà 1 sísàlẹ̀ gba mítà 3 síta. Awakọ̀ wa mọ ewé tútù gẹ́gẹ́ bí àmì pé ọkọ̀ kú síwájú, àmọ́ ewé kì í tàn lóru, kì í sì í sọ pé kòtò ni. Ẹ lo àgbá tí a fi bẹ́líìtì tó ń tàn yí ká, ẹ bu omi tàbí iyanrìn sínú rẹ̀. Òkúta ńlá tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà ń pa ẹni tó bá kọlù ú, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìwọ̀n tí a fi ń ya àwòrán títì ni pé ọkọ̀ tó ń sáré 80 nílò mítà 130 kó tó lè dúró, mítà 55 nínú rẹ̀ á sì ti lọ kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì. Nítorí náà, kí àmì àkọ́kọ́ wà ní mítà 300 sí ibi iṣẹ́, èkejì ní 150. Ẹni méjì tó ń na àsíá gbọ́dọ̀ ríra wọn. Bí kọ́nà bá wà láàárín wọn, ẹ fún wọn ní rédíò tàbí kí ẹ fi ẹnì kẹta sáàárín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa wọ́n omi sójú ọ̀nà tí ẹ ní kí ọkọ̀ gbà, torí eruku tó bá bo tírélà mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn mọ̀ pé ó dúró.

Abúlé nìkan ni ibi tí mo ti máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fẹ ojú ọ̀nà ju bó ti yẹ lọ. Títì gbalasa láàárín ilé ń ké sí awakọ̀ pé kó sáré, ọmọ ilé-ìwé ló sì ń sọdá á. Òfin ní 50 kìlómítà ní wákàtí láàárín ìlú, àmọ́ pátákó nìkan kò tó. Ẹ fi ìlà ọ̀dà nínípọn tó ń mú ọkọ̀ gbọ̀n ṣáájú abúlé, ẹ ṣe ibi tí ọkọ̀ èrò máa dúró sí, kó fẹ̀ tó mítà 3 lẹ́yìn ojú ọ̀nà, kí ti apá kan má sì kọjú sí ti apá kejì gan-an. Bí ẹ kò bá ṣe é, àwọn ará abúlé á po sìmẹ́ńtì fúnra wọn lóru, wọ́n á gbé bọ́ńpù kalẹ̀ láìsí ọ̀dà funfun lórí rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ ni ọlọ́kadà tó gbé ìyàwó àti ọmọ.

Ohun kan tí àwọn tó ń ya àwòrán nínú ọ́fíìsì kì í rò: etí títì tí a fi ọ̀dà sí ni ibi tó dára jù láti sá kòkó, láfún àti ata ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó gbóná, ó mọ́, kò léruku. Láàárín oṣù kan, obìnrin á ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dà á nídà kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọkọ̀ tó ń sáré 100. Ẹ lé wọn títí, wọ́n á padà, ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ ni. Ẹ fi pèpéle kọnkéré kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan sínú iye iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jìnnà sí títì, kó sì súnmọ́ ilé wọn. Ẹ bi àwọn obìnrin fúnra wọn léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ má bi baálẹ̀ nìkan. Ọ̀nà oko tó ń wọ títì náà, ẹ da ọ̀dà sí mítà 15 sí 20 àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ oko má bàa máa kó ẹrẹ̀ àti òkúta wá sójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ lé ìjọba lọ́wọ́, àkókò wà tí agbaṣẹ́ṣe ṣì gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, tí owó rẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Kí ìlú béèrè ọjọ́ tí àkókò yẹn máa parí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á fi gbogbo ẹ̀tàn hàn. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnì kan mú okùn ìwọ̀n, kó rin ojú ìsopọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tó bá là, kí wọ́n fi ọ̀dà gbígbóná dí i kí òjò kejì tó rọ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ti fi mìlímítà 50 wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹnu kọ́fátì ni kí wọ́n ro nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ gidi. Koríko inú kọ́nà máa ń ga ju èèyàn lọ nígbà òjò, a kì í sì í rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gé e ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu àti lẹ́ẹ̀kan sí i kí Ògún tó parí. Kí fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà, wà lọ́wọ́ ìlú àti lọ́wọ́ ẹnjiníà ìjọba, torí agbaṣẹ́ṣe á ní òun kò rí lẹ́tà.